Yunifọ́ọ̀mù Tí Mo Fọ̀ Lọ́jà Òkèhò

Ọjọ́bọ, oṣù Òkúdù, 1984

Lónìí ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ dán mi wò lọ́jà Òkèhò. Bí n kò bá tà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. N kò kọ́ ọjà títà níbì kankan.

Mo ṣàlàyé ọṣẹ náà títí, kò sí ẹni tó rà. Ni Ìyá Sùlé, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, bá gbé yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ síwájú mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa ń lé wa sílé nítorí aṣọ tó dọ̀tí. Ẹ fọ̀ ọ́ ká rí i."

Òótọ́ ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo bomi sínú bàsíà, mo fi ọṣẹ náà fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ọjà. Ó mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà.

Ìyá Sùlé nìkan ni kò rà. Ó ní yunifọ́ọ̀mù méjì tó dọ̀tí ṣì kù nílé. Mo ní kó kó wọn wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.