Wákàtí Mẹ́ta Péré ni sí Ọ̀dọ̀ Simiat

Yèyé mi, ara mi le, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ ní kí n lọ dúró bí ẹbí níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Simiat àbúrò mi ní Buenos Aires, torí ọkọ rẹ̀ ti já a sílẹ̀. Mo ní ọ̀nà jìn, pé ọjọ́ kan gbáko ni bàálù ń fò láti Sao Paulo níbí. Irọ́ ni mo pa. Wákàtí mẹ́ta péré ni. Kò tó ìrìn mọ́tò láti Ìkòrò wa dé Ìbàdàn.

Simiat náà mọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Waheed, ẹ ṣáà wá. Mi ò ní bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."

Mo ní ọ̀gá mi ní báńkì kò fún mi láyè. Ó ní kò burú. Àwọn aládùúgbò ló bá a gbé ọmọ.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹ má bèèrè fọ́tò ọ́fíìsì mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí Simiat tó bá pè yín, kí ẹ sì sọ orúkọ ọmọ náà fún mi. Ojú ń tì mí láti bi í.

Waheed yín.