Àga Tí Mo Gbà Sílẹ̀ fún Ráfátù

Kàdúná, Ọjọ́rú

Kọmíṣánnà gbà lónìí! Wọ́n á ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí aláìsàn lásìkò iṣẹ́ abẹ. Èmi àti Ráfátù ti tọrọ ẹ̀ títí lórúkọ ẹgbẹ́ àwa dókítà akunilóorun. "Ẹ lọ, ẹ bọ̀" ni wọ́n máa ń sọ.

Bí mo ṣe wọlé ìpàdé, mo gbé báàgì sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀, torí àdúgbò Kinkinau ni Ráfátù ti máa ń wá nígbà náà, kì í tètè dé. Kọmíṣánnà ní, "Dókítà, wa kike jira?" Ta ni mò ń dúró dè lóòótọ́? Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Saudi!

Mo pè é nírọ̀lẹ́. Ó kígbe "Alhamdulillahi!" Ó wá rẹ́rìn-ín: "Ṣé o gba àga sílẹ̀ fún mi?"

Mo ní rárá.