Wíwá Ọkọ̀ fún Alhájà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti rà á. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó rà á.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Warith àti Nusaybah wá gbé mi ní ṣọ́ọ̀bù. A dé Gyel létí Jos, wọ́n ní kí n dijú. Àwọn ọmọ tí mo bí! Ọ̀kan ti pé ọgbọ̀n ọdún, èkejì ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní kí n dijú. Mo dijú. Mo lajú. Kárábáànì! Ilé onítáyà, funfun, ó fẹ̀ tó yàrá mi. Òyìnbó kan tó ń wa kùsà níbẹ̀ láyé ọjọ́un ló fi í sílẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ dìde kí wa.

Nusaybah ní inú ẹ̀ ni òun á ti máa yẹ ojú àwọn ọmọ iléèwé wò, tí òun á sì máa gé gíláàsì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Iléèwé mẹ́rin lọ́nà Akwanga ti ń retí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù yìí, ni kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ ilé náà lórúkọ: Alhájà. Ó funfun, ó fẹ̀ nídìí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó yára.

Mo ní, kí ni yóò fà á dé Akwanga? Warith ní, "Màmá, jíìpù mi á ja á."

Ja. Hausa ni. Láti kékeré ló ti ń pe "fà" ní "ja". Ja ilẹ̀kùn, ja okùn. Ní etí tèmi, "já" ni. Ìyá mi wá kí wa láti Ìlọrin lọ́dún kan, wọ́n gbọ́ tó ń ké pé òun ti ja okùn kànga, wọ́n sáré jáde. Okùn wà níbẹ̀ digbí, ọmọ ń fà á. A rẹ́rìn-ín dọ́jọ́ tí wọ́n padà sílé. Mi ò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Hawan Kibo. Òun nìkan ni mo ń rò.

Ọjọ́rú, 5

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ kí orí mi lè fúyẹ́. Àwa tí a wà ní Jos, orí òkè ni a wà. Ẹni tó bá ń lọ sí Akwanga, ó dandan kó sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ejò, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Bàbá mi wa lọ́rì pòtétò gba ibẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ń jókòó sí nígbà ìsinmi iléèwé. Wọ́n máa ń wí pé gígun òkè kì í pa awakọ̀, sísọ̀ ẹ̀ ni. Tí a bá ń gùn, ọkọ̀ tó bá rẹ̀ á dúró. Tí a bá ń sọ̀, ẹrù ló ń wa ọkọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Warith bó ṣe ń mu kókó. Ó ní, "Kai, Màmá! Sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ́ńjìnnì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ iléèwé ni mo ń rán, ní Kabong níbí, ó ti pé ọdún méjìdínlógún. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi mọ̀. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ tíńrín rán kakí, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. Ẹ̀rọ ń sáré, iná ò lọ — abẹ́rẹ́ ni kò tó aṣọ. Mo ní kó wá ọkọ̀ tó wúwo.

Nusaybah dá sí i látinú ilé ìdáná: "Ẹ wò ó, Màmá ń wá ọkọ fún Alhájà. Wọn ò rántí tèmi mọ́." A rẹ́rìn-ín. Àmì kékeré kan ló wà láàárín ọkọ àti ọkọ̀. Mo rántí o, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rántí. Kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ní Hawan Kibo láyọ̀ ná.

Bàbá wọn pè láti Ìlọrin. Wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti dàgbà. Ẹni tó wà ní Ìlọrin lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí Hawan Kibo ní Ìlọrin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

A di ẹrù sínú Alhájà. Èmi ni mo dúró tì wọ́n. Jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé gíláàsì — gbogbo ohun tó wúwo, mo ní kí wọ́n kó o sẹ́yìn pátápátá. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹrù wúwo sún mọ́ iwájú. Warith ní ṣé ó dá mi lójú? Ó dá mi lójú dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ wò láìsọ fún mi.

Ojú Nusaybah ni mo ti rí i. Ó ń bu ọbẹ̀ sórí tábìlì, kì í ṣe sínú àwo. Mo mú un wọ yàrá, ó sọ ọ́. Jíìpù Warith ni wọ́n fi fà á, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà ní Gyel. Wọn ò tíì sáré rárá tí Alhájà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì. Ìdí jíìpù fúyẹ́ nílẹ̀. Warith ń yí sitiárín, ọkọ̀ kò gbọ́. Oko kábéèjì ẹnìkan ló dá wọn dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. "Ó ní kí n má sọ fún yín o, Màmá."

Mi ò pariwo. Nígbà tí Warith wọlé, mo ro tùwó fún un, mo jẹ́ kó jẹun tán. Mo wá bi í: "Nínú ìwọ àti Alhájà, ta ló wakọ̀?"

Ó ti àwo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Alhájà ni, Màmá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Du. Ìtòsí Gyel ni, wọ́n rọra fa Alhájà dé ṣọ́ọ̀bù Benjamin. Ọmọ Bẹ̀rọ́m ni, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹran ṣe. Hausa la fi ń sọ̀rọ̀. "Sannu, Hajiya," ó sì ṣí ilẹ̀kùn Alhájà. Ó wo inú, ó tún wò ó. Ó ní ta ló di ẹrù báyìí?

Warith wò mí. Nusaybah wo ojú ọ̀run.

Mo ní èmi ni.

Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó ní, Hajiya, lọ́rì ní táyà níwájú, ó ní lẹ́yìn. Táyà méjì péré ni eléyìí ní, àárín ló sì wà, bí pákó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, imú ẹ̀ á gbé sókè, á sì gbé ìdí ọkọ̀ tó ń fà á dání. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó jó.

Ó gbé ìwọ̀n tí àwọn èèyàn ń gun láti mọ bí wọ́n ṣe sanra sábẹ́ imú Alhájà. Kílò 15. Wọ́n wá kó gbogbo ẹrù wúwo bọ̀ lórí táyà, ó fi díẹ̀ síwájú. Kílò 110. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó yẹ kí n kọ èyí náà sílẹ̀: èmi tí mò ń bẹ̀rù Hawan Kibo, ọwọ́ mi ni mo fi di ẹrù tó fẹ́ ṣe ọmọ mi léṣe. Ọgbọ́n bàbá mi dára, lọ́rì ni wọ́n fi kọ́ ọ. N kò bèèrè.

Warith ti fò sókè: "Ẹ rí i! Jíìpù mi ò jẹ̀bi!" Mo ní kó fara balẹ̀. A ò tíì wọn ọ̀kankan nínú wọn.

Ọjọ́rú, 12

A wọ̀n wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ọkà. Alhájà pẹ̀lú ẹrù ẹ̀: kílò 1,720. Jíìpù: 1,650.

Ìyàwó wúwo ju ọkọ lọ. Benjamin ní ohun tí a ń fà kò gbọdọ̀ wúwo tó ohun tó ń fà á. Ẹni tí kò fa irú ẹ̀ rí, kó má jẹ́ kó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Warith ń jiyàn. Nusaybah lọ mú ìwé tó bá jíìpù wá nínú dúróò, ó ṣí i, ó kà á sókè: kílò 1,500 ni kí ó fà mọ, pẹ̀lú bíréèkì. Ìwé ọkọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló jẹ́rìí takò ó.

Warith dá ìwé náà padà sínú dúróò. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ó fẹ́ràn jíìpù yẹn.

Bíréèkì tí Alhájà fúnra ẹ̀ ní ti dì pa bí ọmọrí ìkòkò. Benjamin ń pààrọ̀ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti rí i! Píkọ́ọ̀pù Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì, aládùúgbò wa, sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Eérú ni àwọ̀ ẹ̀, ẹrẹ̀ ọdún mẹ́ta wà lára ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Kílò 2,150. Ìwé ẹ̀ ní ó lè fa 2,500. Mo ṣírò ẹ̀ lórí bébà tí mo fi ń gé kọ́là aṣọ, lẹ́ẹ̀mejì: Alhájà ò tiẹ̀ fi nǹkan kan ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀ lọ.

Warith ní, "Màmá, ọkọ̀ arúgbó." Mo ní arúgbó ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Mo mú tépù mi, mo wọn irin tí wọn ó fi so wọ́n pọ̀. Ti píkọ́ọ̀pù ga ju ti Alhájà lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Benjamin á gbé e wálẹ̀, kí Alhájà lè dúró gbọọrọ, kó má gbójú sókè. Ó ti so ṣéènì méjì mọ́ ọn, wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́. Ó ti fi dígí gígùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì dúró ń wò mí. "Ìyá Warith, ẹ ń wọn ọkọ̀ mi bí ẹni fẹ́ rán kóòtù fún un."

Mo ní tí ọjọ́ ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wọn ọkọ ìyàwó.

Jímọ̀, 14

A gbìyànjú ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Gyel lẹ́yìn Jímọ̀. Mo jókòó níwájú. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì ń kọ́ Warith látẹ̀yìn: jíà kejì, lókè pátápátá, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ — má dúró dìgbà tó bá ti ń sáré. Tẹ bíréèkì, kí o fi sílẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ lé e pa.

Alhájà tẹ̀ lé wa bí àgùntàn. Olóko kábéèjì bọ́ sójú ọ̀nà wá wò wá, ó pàtẹ́wọ́.

"Ó ja á, Màmá!"

"Fà."

"Fà, ja, ọ̀kan náà ni."

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmọ́ inú mi dùn, mo fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Aago méje àárọ̀ ni Warith àti Nusaybah lọ. Mo wo táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo fọwọ́ kan ṣéènì. Mo ní, ẹ bá dé ìsàlẹ̀ Hawan Kibo, ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mo ṣàdúà. Ọkàn mi balẹ̀, mo sọ ọ́ láìpurọ́. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò rí tépù mi.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fóònù dún. Warith. *Mama o ti ja. Hawan Kibo. Network ko da.*

Ó ti já.

Orí ilẹ̀ ni mo bá ara mi, láàárín kọ́là tí mo gé kalẹ̀. Mo pè é, kò wọlé. Mo pe Nusaybah, kò wọlé. Ṣéènì méjì! Mo fọwọ́ kàn án! Mo ń rí ilé funfun yẹn tó ń nìkan lọ sínú ọ̀gbun. Mo ń rí èyí tó burú jùyẹn lọ.

Mo tún un kà. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. O ti ja. Mo rántí ìyá mi tó ń sáré lọ sídìí kànga, tí okùn wà níbẹ̀ digbí. Mo ní, Hàbíbátù, ọmọ ẹ ni, o mọ ẹnu ẹ̀. Mo di gbólóhùn yẹn mú. Mo jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Nusaybah ló pè. Mo gbọ́ ẹ̀rín kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti kúrò ní Hawan Kibo tipẹ́, wọ́n ń jẹ àgbàdo yíyan lẹ́bàá ọ̀nà. Alhájà kò jó rárá.

Mo ní, "Kò sóhun tó já?"

"Wáyà iná ẹ̀yìn ló já, Màmá. Ó ń wọ́ nílẹ̀. A ti so ó."

"Kí lẹ fi so ó?"

"Tépù yín tó wà nínú píkọ́ọ̀pù."

Okùn ni mo fi wọn àyà ọmọ iléèwé méjì lónìí. Ó bá wọn mu.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọ̀sán. Iṣẹ́ Warith dé: *Mama a ti bere ise. Oga ileewe n beere oko Nusaybah. O ni oun fe ri i.*

Ọkọ̀ ni, àbí ọkọ? Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò gbé e.