Ewé Tó Pa Làpálàpá Ọwọ́ Màámi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ò sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ara tèmi náà le. Ọ̀rọ̀ Màámi ni mo fẹ́ sọ. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí ná.

O mọ làpálàpá tó mú wọn lọ́wọ́ méjèèjì. Irun tí wọ́n ń fọ̀ fáwọn oníbàárà ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ. Gbogbo ìpara tá a rà, àfi bíi pé oúnjẹ là ń gbé fún un. Oníbàárà kan tiẹ̀ dìde lórí àga pẹ̀lú irun tí wọ́n dì dé ìdajì, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá, mo lọ́mọ nílé." Màámi rẹ́rìn-ín sí i. Ilé ni wọ́n ti wá sunkún.

Nígbà tí yàrá àyẹ̀wò wa níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán omi ewé wò lára olú tíntìntín tó ń fa irú àrùn awọ bẹ́ẹ̀, mo ha èépá díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo gbìn ín sínú àwo àyẹ̀wò kó lè hù. Ewé kan tó ń hù lẹ́yìn ògiri ilé wa, tí ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ, òun ló ṣe bẹbẹ. Ibi tí a kán omi rẹ̀ sí nínú àwo mọ́ roro. Mo mú Màámi wá wò ó.

"Ó pa á?"

"Nínú àwo ni, Màámi. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn."

Wọ́n bẹ̀ mí kí n bu díẹ̀ fáwọn. Mo kọ̀, ọ̀gá mi náà kọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwo ò ní oníbàárà."

Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n lọ já ewé náà fúnra wọn, wọ́n gún un, wọ́n fi aṣọ dì í mọ́ ọwọ́. Ó ń ta wọ́n, wọ́n ń fara dà á, wọ́n ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tí mo tú aṣọ náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, awọ bá a wá. Ká tó dé ilé ìwòsàn, egbò ti kẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò wà nínú wọn. Ìka tòsì ò ṣeé ká mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni èsì àyẹ̀wò tá a ṣe lórí awọ èèyàn jáde: omi ewé yẹn ń yára pa awọ èèyàn ju bó ṣe ń pa olú lọ. A ti pa á tì.

Lánàá, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tún ọwọ́ wọn dì, Màámi wò mí lójú. "Làpálàpá yẹn ńkọ́? Ṣé ó kú?"

Mo wo ọwọ́ náà dáadáa. Kò sí i níbì kankan.

"Ó kú, Màámi."

Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n kọjú sí ògiri.

Kí Ọlọ́run má fi irú èyí kàn wá mọ́. Kó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó jẹ́ kó o tètè wá fojú kàn wọ́n.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: tó o bá pè, má bínú pé màá máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá ń sọ. Màámi ò lè di fóònù mú mọ́. Èmi ni mo ń gbé e sí wọn létí.