Kọ̀ǹpútà Tó Sọ Pé Ìyá Àgbà Kò Níwà

Oǹdó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí àga tí o ń jókòó sí ní ọ́fíìsì yín ní Àkúrẹ́, torí mo gbọ́ pé òun ló ń gbé ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí iná tó ń ṣẹ́jú nílé wa yìí jó wa mọ́lé kò ní jẹ́ kí ohun búburú kàn ọ́. Èmi ń bẹ, màmá rẹ ń bẹ, Ìyá àgbà náà ń bẹ, wọ́n mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kò dùn, nítorí náà ara wọn le. Kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì ni ara wọn kò yá.

Mi ò fẹ́ kọ èyí sórí fóònù, torí fóònù yìí máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ṣebí lọ́jọ́ Sátidé, mo kọ ọ́ sí ọ pé Ìyá àgbà ń béèrè rẹ, ó sọ ọ́ di Ìyá àgbàdo, ìwọ náà sì dá mi lóhùn pé èló ni wọ́n ń tà á. Akínlolú tó ń wa mọ́tò Oǹdó sí Àkúrẹ́ ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jókòó lé e.

O rántí pé ìwọ lo ní kí n máa gba ohùn Ìyá àgbà sílẹ̀, kí ìtàn ilé wa má bàa sọnù. Mo gbà á. Ohùn méjìlélọ́gọ́ta ni, gbogbo wọn wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí o fi ètò tó ń jẹ́ Línúsì darí, wọn kò sì sí níbòmíràn. Ìyá àgbà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n rántí lọ́dún tó kọjá, wọn kì í sábà rántí rẹ̀ mọ́ lọ́dún yìí. Kọ̀ǹpútà náà sì ti ń mí hẹlẹ, ó ń gbóná débi pé ológbò ti sọ ọ́ di ibùsùn, ó sì máa ń dákú lójijì. Bó bá kú, ohùn yẹn lọ nìyẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò purọ́ fún ọ. O ní ká tètè ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ètò Wíńdò wà nínú tirẹ̀, o ní bákáàpù ni wọ́n ń pè é. Fúláàṣì kò ṣeé lò, torí ihò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ láti fi ṣí kọ̀ǹpútà. O ní kò burú, o ní wọ́n á gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé kọjá, pé ìwọ fúnra rẹ kò tiẹ̀ ní láti wá.

O ṣàlàyé pé wàhálà tó lè wà níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kì í sọ èdè kan náà. Ìyẹn kò já mi láyà. Ọmọ Oǹdó ni mí, Ìyá àgbà tó bí mi wá láti Ìta-Ògbólú, ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń bá wa gbé, títí dòní ulé ni wọ́n ń pe ilé, a sì ń gbọ́ra wa yé. Mo gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sórí tábìlì ìjẹun, mo kọjú wọn síra wọn, mo dárúkọ èyí fún tọ̀hún, mo wá kúrò níbẹ̀ fún ìwọ̀n wákàtí kan kí ojú má bàa tì wọ́n. Nígbà tí mo padà dé, wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìgbà náà lo ní ká píǹgì wọn, o ní píǹgì ni kí ọ̀kan kí èkejì, kí a wò ó bóyá yóò dáhùn. Màmá rẹ ló tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe darí rẹ̀. Èyí tuntun kí àgbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, ó dákẹ́, ó ní òun ti ṣe tán. Inú mi kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Línúsì àtijọ́ yẹn, ọmọ mi, ẹ̀rọ náà mọ ìkíni! Ó kí i, ó tún kí i, kò dúró. A lọ sí ìpàdé ìjọ, a dé, ó ṣì ń kí i, iye rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méje, ó sì ń ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sójú ẹ̀rọ. Mo sọ fún màmá rẹ pé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, mo sì kọ̀ kó dá a dúró, àfi ìgbà tó tún dákú fúnra rẹ̀.

Nígbà tó jí, a bẹ̀rẹ̀ bákáàpù gan-an. Ó kọ́kọ́ ní a kò gbàṣẹ. Mo bínú, mo ní nínú ilé mi, àṣẹ ta ni? Mo wá rò ó pé ẹni tó dàgbà jù nílé ló ni àṣẹ, mo bá mú Ìyá àgbà wá, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà fún un títí wọ́n fi dárúkọ gbogbo ẹbí. Ó ṣí! Màmá rẹ ní òun ló tún páásíwọọ̀dù tẹ̀ nígbà tí a dijú ṣe àmín. Mi ò bá a jiyàn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ nìyẹn. Ohùn mọ́kàndínlógún kọjá wọ́ọ́rọ́. Mẹ́tàlélógójì kọ̀, wọn ò kọjá. Gbogbo ìgbà tí a bá ti gbìyànjú ni Wíńdò ń kọ ọ́ sójú, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, pé orúkọ yìí ní kàrákítà tí òun kò lè gbà.

Tolúwalọpẹ́, mo wọ gíláàsì mi, mo tún un kà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé, ìsàlẹ̀ káàdì èsì gbogbo ọmọ ni mo ti ń kọ kàrákítà, ìyẹn ìwà ọmọ náà, yálà ó dára tàbí kò dára, kò sí ẹni tó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹ̀rọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nínú ilé mi ń sọ pé ìyá tó bí mi kò níwà! Obìnrin tó ti wà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kí wọ́n tó kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì! Mi ò sọ fún wọn, kí inú wọn má bàa bàjẹ́. Mo mú gègé, mo kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún Ìyá àgbà, mo ní mo mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí a ti bí mi, pé wọn kì í jalè, wọn kì í ṣe ẹnu méjì, àti pé ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n máa ń ráhùn lé lórí. Mo gbé e lọ bá Bàbá Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn náà bu ọwọ́ lù ú, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ọn.

Mo wá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hameedat, obìnrin tó ń bá wa tẹ ìwé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, kó tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ lè rí i kà. Hameedat kà á dé ìdajì, ó béèrè ibi tí mò ń mú un lọ, mo sọ fún un, ó bá di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú fún ẹ̀rín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó tọrọ àforíjì, ó ní kì í ṣe ìwà ni kọ̀ǹpútà ń wí, àmì ni. Ó ní àmì mẹ́jọ wà tí Wíńdò kì í gbà nínú orúkọ ohun tí a bá fi pamọ́ sínú rẹ̀, tí Línúsì sì máa ń gbà, ó kọ gbogbo wọn sórí ìwé fún mi. Mo wò ó. Àmì ìbéèrè wà níbẹ̀.

Àmì ìbéèrè! Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá ti bi Ìyá àgbà ní nǹkan, ìbéèrè náà ni mo fi ń sọ ohùn náà lórúkọ, mo sì ń fi àmì rẹ̀ sí i, torí mo nà yín lórí àmì yẹn, mi ò lè wá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ṣé irú ẹ̀rọ wo nìyí tí kò fẹ́ kí a bi òun léèrè? Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà àtijọ́ dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí, mo rí i pé bí mo bá ń bá a ṣe agídí, n ó pàdánù ohùn ìyá mi. Mo gbà fún un.

A gbé fáànù pálọ̀ tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìbéèrè di gbólóhùn. “Ta ló kọ́ ilé àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa?” di “Ẹni tó kọ́ ilé àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa.” “Kí ló dé tí Ìyá àgbà kì í jẹ ẹ̀wà?” di “Ìdí tí Ìyá àgbà kì í fi í jẹ ẹ̀wà.” Bí mo ṣe ń yí i ni ó ń kọjá. Méjìlélógójì lọ, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo gba ohùn wọn kẹ́yìn, mo béèrè bóyá ó ku ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n bá sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n dárúkọ rẹ, wọ́n béèrè ohun kan, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ: “Tolúwalọpẹ́, ìgbà wo lo ń bọ̀ ní ulé?” Mo fẹ́ yí i sí “Ìgbà tí Tolúwalọpẹ́ ń bọ̀ ní ulé.” Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Irọ́ ni. Ẹni bá ṣí i á retí pé ọjọ́ náà wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n, màmá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè yọ àmì ìbéèrè kúrò lára ohun tí kò ní ìdáhùn. Nítorí náà, òun nìkan ló kù nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ológbò sùn lé e lórí. Ìyá àgbà sì gbà pé inú rẹ̀ lo ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ bí o bá pè wá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà.

Jọ̀ọ́, fi owó fáànù ránṣẹ́, torí kọ̀ǹpútà ti gba tiwa, màmá rẹ sì ní bí ooru bá pa òun, kàrákítà mi ni òun máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run. Ọlọ́run á tọ́jú rẹ lọ́nà, lọ́fíìsì àti lójú oorun. Orúkọ rẹ kò ní ní àmì tí ẹnì kan máa kọ̀. Ibi tí o bá ti kànkùn, wọn á ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò tó wákàtí kan àtààbọ̀, Akínlolú ń dúró de èsì. Kọ ọjọ́ tí o ń bọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí kó mú un bọ̀, kí n lè yí orúkọ yẹn padà kí kọ̀ǹpútà tó kú. Kọ ọjọ́, kọ oṣù, má sì fi àmì ìbéèrè sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Reuben Májẹ́kódùnmí,
Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì.