Ilé Kàn Rí "One Kind"

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú àìrí ọmọ yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Kúnlé àbúrò mi, mo kí gbogbo agboolé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, mo sì kí Àǹtí Ọ̀yọ́ àti àwọn ọmọ wọn.

Ẹ má bínú pé gbangba orí ayélujára ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Kúnlé ló ń bá yín ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù yín, èyí tí kò bá sì wù ú, kò ní kà á. Ṣùgbọ́n bí gbogbo agboolé bá ti rí i, ẹnì kan á kà á fún yín.

Ara mi le. Iṣẹ́ ìfọṣọ ni mo ṣì ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú òyìnbó níbí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òtútù ń mú mi wọ eegun. Owó tó ń wọlé, ilé àti iná ló ń kó o lọ. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ Yorùbá àfi fóònù. Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń dá mi lóhùn nílé.

Bí mo bá bi Kúnlé pé báwo ni ilé, á ní ilé kàn rí "one kind", ìyẹn ni pé ó rí bákan ṣáá. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ: lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àdúgbò Under G, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Iná ò sí, "one kind". Inú ò dùn, "one kind". Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí mo ní kó gbé fóònù fún Bàbá, tó ní Bàbá ti lọ sóko ní Iresa. Màámi, ọjọ́ Ìsinmi ni o! Láti ìgbà wo ni díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń gbé ọkọ́ lọ sóko lọ́jọ́ Ìsinmi? Bàbá tó ń bá wa jà bí a bá fọ aṣọ lọ́jọ́ náà? Irọ́ Kúnlé ò mọ ilé tó wọ̀.

Mo pe Àǹtí Ọ̀yọ́. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n tún bi mí bóyá ẹnì kan wà nítòsí mi. Mo ní èmi nìkan ni. Ni wọ́n bá ní nǹkan kàn rí "one kind" nílé, kí n máa gbàdúrà. Ẹni tí kì í sọ òyìnbó! Ọmọ Yorùbá lèmi náà, mo mọ irú ìròyìn tí a máa ń kọ́kọ́ wá ẹni jókòó tini kí a tó sọ.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bàbá nìkan ló ń fi oríkì pè mí. Ẹ pè é tán, ẹ wá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo sì ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn yín ketekete.

Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe yín. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ṣùgbọ́n bí ìfura bá jẹ́ oògùn àgbà lóòótọ́, mo ti di àgbà tipátipá. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí àìsàn ni, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Bó bá ju àìsàn lọ, ẹ sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sunkún mi. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, mo ń bọ̀ wálé. Àpótí mi ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ra súwẹ́tà fún Bàbá, mo sì ra aṣọ dúdú kan. Ẹ sọ èyí tí n máa dì fún mi, n kò fẹ́ di méjèèjì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màámi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọn kò bá lè gbọ́ mọ́, ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ní àwọn náà ń kí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀