Píìnì Lẹ́nu

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo ní ìrètí pé ara rẹ le níbi iṣẹ́ tuntun, àti pé o ń jẹun dáadáa. Ara tèmi náà dá, àfi orúnkún tó ń dún bí ẹ̀rọ tí kò rí epo.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí o ti lọ. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń nu eruku orí àga rẹ nídìí ẹ̀rọ kejì. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ jù. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́.

Mo ti rídìí kóòtù ọ̀gá tíṣà tí apá rẹ̀ kúrú, èyí tí mo torí rẹ̀ sọ lójú àwọn oníbàárà pé o kò lè wúlò láéláé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo na téèpù mi àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Lílò ti nà án, ó fi ìnṣì kan gùn jù ú lọ. Èmi ni mo fi wọn ọkùnrin náà. Ìwọ fi téèpù tìrẹ gé aṣọ sí iye tí mo kọ sílẹ̀, ìyẹn ni apá náà fi dín ní ìnṣì kan. O fẹ́ ṣàlàyé, n kò jẹ́ kí o lanu. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹyin lohùn, n kò rí èyí tó fọ́ lọ́jọ́ náà kó.

Nísinsìnyí, bí inú bá ń bí mi, píìnì mẹ́ta ni mo ń fi sáàárín ètè. Aránṣọ tó ní píìnì lẹ́nu kò lè bú ènìyàn. Ìyá oníbúrẹ́dì ní mò ń ránṣọ bí afọ́jú. Mo dákẹ́, mo yọ píìnì, mo ní kí ó jókòó ká tún un wò. Ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ṣé ara yín yá ṣá?” Àmọ́ ní Sátidé, mo tu wọ́n dànù, mo bú ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ṣa píìnì tán kí n tó lọ bẹ̀ ẹ́.

Fóònù ló le jù. O ní kí n má pè, pé ìwọ ni yóò pè. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé e, màá wo nọ́ńbà rẹ, màá tún gbé e sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní tàsé.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Àfikún: Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lẹ́tà yìí sábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí ìlà kan tí mo ti sọ pé ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò. Òun ni ihò tí o rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn.